Lẹ́tà Ẹlẹ́rìn-ín Bàbá Mi

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé bákan náà ni gbogbo lẹ́tà rí, irọ́ ló ń pa. Ẹ ní èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹni tó ń fi lẹ́tà jẹun ni wọ́n bí mi sí, ní Tchaourou, lẹ́bàá ọ̀nà ọlọ́dà tó lọ sí Parakou. Bàbá mi ló ń kọ orúkọ ìsọ̀ sára ògiri, tó ń kọ̀wé sórí pákó àti sí ẹ̀yìn tasí. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé lẹ́tà a máa wọṣọ, a máa jókòó, a sì máa bínú.

Nígbà ìjọba ológun, nígbà tí gbogbo ayé ń pe ara wọn ní kamaráàdì, irú lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n gbà kí bàbá mi kọ: èyí tó dúró gbọnrangandan bí ọmọ iléèwé tí ọ̀gá fẹ́ nà. Bàbá mi á fi rúlà wọ̀n ọ́n, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ ìjọba sára ògiri, wọ́n á padà wálé. Ìyá mi sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí bàbá bá ti kọ irú rẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán kì í lọ lọ́nà ọ̀fun wọn. Nígbà tó yá, ìjọba yí padà. Wọ́n ní ẹnu ti tú, kí oníkálukú máa sọ tinú rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú bo ìlú bí eṣú, àwọn èèyàn sì ń ṣí ìsọ̀ lọ́tùn-ún lósì: onídìrí, ẹni tó ń ta kọfí àti búrẹ́dì, ẹni tó ń lẹ táyà. Gbogbo wọn ló fẹ́ pákó tí yóò máa pe oníbàárà. Bàbá mi bá ju rúlà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní bí ẹnu bá ti tú, ẹsẹ̀ lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ tú.

Ẹ jẹ́ kí n júwe wọn fún yín, nítorí ẹ kò ní í rí wọn mọ́. A wé gèlè, etí gèlè náà sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi ti obìnrin tó ń kánjú lọ síbi ìkómọjáde. B jẹ́ aboyún. E jẹ́ òòyà tí eyín rẹ̀ ku mẹ́ta. L jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀. O ní ojú méjì àti ilà lẹ́rẹ̀kẹ́. R ju ẹsẹ̀ kan síwájú bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. S jẹ́ ejò tó ń yọ ahọ́n sí T, T kò sì lè sá nítorí ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá kóra jọ sórí pákó kan, wàá rò pé ìwọ tó ń kọjá lọ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ. Àwọn ará ìlú pè wọ́n ní lẹ́tà ẹlẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n bí aṣọ ni lẹ́tà rí, ó ní ibi tí a ń wọ̀ ọ́ lọ. Bí bàbá mi bá kọ ọ́ síwájú ìsọ̀ onídìrí, àwọn obìnrin á ti wọlé jókòó kí wọ́n tó rántí pé àwọn kò fẹ́ dirí lónìí. Wọ́n kọ “Sùúrù” sí ẹ̀yìn tasí alhaji kan, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé mọ́tò náà títí dé ìpẹ̀kun ìlú. Àmọ́ nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pè wọ́n, ó ní àwọn aláìsàn ń wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, òun ò mọ ẹni tó ń ṣàìsàn lóòótọ́ mọ́. Ti ilé iná mànàmáná ló burú jù. Wọ́n ní kí bàbá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kò pẹ́ rárá, àwọn ọmọ kóra jọ síbẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa O lẹ́rẹ̀kẹ́! Bàbá mi sáré lọ pa á rẹ́, wọ́n sì kọ gbọnrangandan sí i. Wọ́n padà wálé, òógùn bò wọ́n. Wọ́n ní, “Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ò lè jíṣẹ́ ikú.”

Nítorí náà ni kátẹkísì ìjọ wa kò ṣe gbà kí wọ́n kọ lẹ́tà ẹlẹ́rìn-ín sára àgbélébùú ní itẹ́ òkú àwa onígbàgbọ́. Ẹyọ kan péré ló gbà. Ìyá alákàrà kan ló kú, obìnrin tó jẹ́ pé bó o bá ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín ló máa fi ṣe èènì fún ọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá kúnlẹ̀ ní àgbàlá wa. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí orúkọ ìyá àwọn dúró bí sójà. Bàbá mi fi odidi ọjọ́ kan kọ ọ́, ìyá mi sì ń bá wọn po ọ̀dà.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ ìyá mi wàyí. Ọmọ àgbẹ̀ láti Sanson ni wọ́n, oko iṣu ni wọ́n dàgbà sí, wọn kò mọ ẹnu ọ̀nà iléèwé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń po ọ̀dà, wọn kò ní í lè pa ẹnu mọ́. “Ta nìyí tó wé gèlè?” Bàbá mi á ní A ni. “Kí ló wá ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ aboyún?” “Ó wá kí i.” Báyìí ni ìyá mi ṣe mọ̀ wọ́n, bí èèyàn ṣe ń mọ ará àdúgbò, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwà rẹ̀ àti ohùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró níwájú ìsọ̀ kan, wọ́n to ohùn àwọn lẹ́tà tó wà níbẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ sì jáde. Ìyá mi figbe ta! Bàbá mi rò pé ejò ti bu ìyàwó àwọn jẹ, wọ́n sáré jáde tọ̀dà-tọ̀dà.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń kàwé. Kì í ṣe ìwé gbogbo èèyàn o. Ìwé bàbá mi nìkan ni wọ́n lè kà. Bí ẹlòmíràn bá kọ ọ̀rọ̀ kan náà, wọn kò mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà, Bétérou ni wọ́n sì ti ń ra iṣu. Bí wọ́n bá wà lórí alùpùpù, wọ́n á máa ka gbogbo pákó ojú ọ̀nà sétí ọkùnrin tó ń gbé wọn, títí ọkùnrin náà á fi bẹ̀ wọ́n pé, “Tata, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì mi.” Èmi náà kò bọ́ lọ́wọ́ wọn. “Ìwọ tó o lọ sí iléèwé, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn? Yára! O ò rí i? Ọlá Ọlọ́run ni! Owó iléèwé rẹ ti wọgbó.” Màá ṣe bí ẹni tí inú ń bí, ṣùgbọ́n orí mi ń wú. Mo fẹ́ràn ìyá mi ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ nígbà tí wọ́n bá ń kàwé.

Láàárín ìgbà náà ni wọ́n ṣí iléèwé fún àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wé ní ìlú wa. Ìyá mi wọ aṣọ tó dáa lọ. Olùkọ́ fi ẹfun kọ A sára pátákó dúdú, ó ní kí wọ́n pè é. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní, “Gèlè rẹ̀ dà?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi dìde, wọ́n ní, “Olùkọ́, ìhòòhò lẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sí yìí,” wọ́n sì bá tiwọn lọ. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ nílé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, wọ́n nu ojú wọn.

“Lọ kọ́ tiwọn náà, ìyá àwọn ọmọ,” wọ́n ní. “Bí n kò bá sí ńkọ́?”

“Níbo lẹ̀ ń lọ?” ni ìyá mi dá wọn lóhùn. Wọn kò padà sí iléèwé náà mọ́.

Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dé. Ní Parakou, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà tẹ lẹ́tà sórí tápólì ńlá, pẹ̀lú àwòrán ẹni tó ni ìsọ̀, kó o tó mu omi tán wọ́n á ti ká a fún ọ. Lẹ́tà náà dọ́gba, ó ń dán, kò sì sí ẹni tó mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Àwọn oníbàárà bàbá mi ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pàdé bàbá mi lọ́nà, wọ́n á kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á sì yára kọjá. Bàbá mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. A gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, a gbé wọn padà wálé, a tún gbé wọn lọ. Ikú mú bàbá mi lọ nígbà ọyẹ́, ọ̀dà pupa ṣì wà lábẹ́ èékánná wọn. Ìyá mi ló wẹ ọwọ́ náà, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ ha ọ̀dà náà kúrò.

Tonton mi, àbúrò bàbá mi tó ń ṣòwò ní Parakou, ló gba ti sàréè rò. Ẹ má bá wọn wí, ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Wọ́n ra òkúta dúdú tó ń dán bíi dígí, wọ́n ní kí ẹ̀rọ gbẹ́ orúkọ bàbá mi sí i ní lẹ́tà tín-ín-rín aláwọ̀ wúrà. Gbogbo ìjọ ló ń yìn ín. Wọ́n ní òkú olówó nìkan ló ń ní irú rẹ̀. Èmi náà yìn ín, kí n má parọ́. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rántí bi ìyá mi léèrè ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa òkúta náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, ó dán,” a sì padà sílé lọ gba àlejò.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi ni lẹ́tà ẹlẹ́rìn-ín wá ń kú tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó ń ta káàdì fóònù ń kun ìsọ̀ fún ẹni tó ni ín lọ́fẹ̀ẹ́, bí ó bá gbà kí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ tiwọn. Ta ni yóò kọ ọ̀fẹ́? Bí àsìkò ìbò bá dé, wọ́n á lẹ fọ́tò bo ìyókù, ojú ọkùnrin kan lórí ojú ọkùnrin mìíràn. Tasí “Sùúrù” di irin tí wọ́n ń tà ní ìwọ̀n. Ìyá mi á ti Bétérou dé, wọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á ní, “Wọ́n ti kun ti onítáyà,” bí ẹni tó ń túfọ̀. Lọ́sẹ̀ mìíràn, “Ti onídìrí náà ti lọ.” Ọkùnrin alùpùpù tó ń gbé wọn bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé ara ìyá mi yá, nítorí wọn kì í sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òun mọ́.

Àwa onígbàgbọ́ ní ìlú wa, bí oṣù kọkànlá bá wọlé, a máa ń lọ sí itẹ́ òkú lọ ro koríko, a ń fọ sàréè, a ń kun àgbélébùú tó bá ti ṣá, a sì ń tan àbẹ́là fún àwọn òkú wa. Lọ́dún kan, mo tan tiwa sórí òkúta dúdú náà, mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí ìyá mi. Mo wá wọn títí. Ìdí àgbélébùú ìyá alákàrà ni mo ti bá wọn, wọ́n jókòó sílẹ̀, àbẹ́là wọn ń jó níbẹ̀. Ìka wọn wà lára pákó, wọ́n ń to ohùn pọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ìyá, bàbá kò sí níbí,” ni mo wí.

“Ṣé mo ní wọ́n wà níbí ni? Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo wá kí.”

Tonton bá wa níbẹ̀, ojú tì wọ́n. Wọ́n ní, “Ìyàwó wa, kí lèyí? Ọkọ yín wà lọ́hùn-ún nínú òkúta olówó gọbọi, ẹ wá ń tan àbẹ́là fún alákàrà? Kí làwọn èèyàn máa wí?” Èmi ni mo dáhùn. Láyé mi, n kò gbójú sókè wo tonton yẹn rí, ṣùgbọ́n ọkàn mi gbóná lọ́jọ́ náà. Mo ní, “Tonton, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyá mi lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni tó kàn ló mọ̀.” Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú, wọ́n sì yí padà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń jẹ́ kí ìyá mi lọ síbi tó wù wọ́n. Pákó àgbélébùú yẹn nìkan ló kù láyé yìí tí ìyá mi lè kà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í sì í sọ ọ́. Bí òjò bá ń rọ̀ ní alaalẹ́, èrò ikán ni mo máa ń rò. Ìyá mi máa ń tọrọ òróró ẹ́ńjìnnì tó ti jóná lọ́wọ́ mẹkáníìkì, wọ́n á dà á sí ìdí àgbélébùú náà kí ikán má baà gùn ún. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀rẹ́ ni ìyá mi àti olóògbé alákàrà náà. Ìyá mi ò tilẹ̀ fẹ́ràn àkàrà.

Ọdún wá yí po, oṣù kọkànlá tún dé. Àwọn ọmọ alákàrà ti rí ṣe ní Cotonou, Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà wọn. Nígbà tí èmi àti ìyá mi débẹ̀, a kò rí pákó kankan. Táìlì funfun ni wọ́n fi bo gbogbo sàréè, wọ́n fi fọ́tò ìyá wọn sínú dígí, lẹ́tà ẹ̀rọ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, àkọ́bí, wà níbẹ̀ tó ń gbálẹ̀. Ó rí ìyá mi, inú rẹ̀ dùn, ó kúnlẹ̀.

“Pákó ńkọ́?” ni ìyá mi bi í.

“Pákó wo, Ìyá? Háà, ti tẹ́lẹ̀! Ó ti ń jẹrà. Ẹ wo ibí yìí, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i!”

“Mo ní níbo lẹ gbé e sí?”

Obìnrin náà rí ojú ìyá mi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ tó lẹ táìlì ló fi í dáná oúnjẹ ọ̀sán. Ó sáré lọ bu omi wá fún ìyá mi, ó ń bẹ̀bẹ̀, kò sì mọ ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kò jẹ̀bi. Ìyá rẹ̀ ló ń bu iyì fún, bí tonton mi ṣe bu iyì fún bàbá mi. Ìyá mi gba omi náà, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n súre fún un pé àwọn ọmọ rẹ̀ náà á ṣe é fún un. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ fọ́ táìlì náà. Mo jẹ́wọ́ fún yín.

Mo ní, “Ìyá, ẹ má sunkún. Ẹnì kan wà ní Tchatchou tó mọ lẹ́tà bàbá dáadáa. Màá ní kó kọ ọ́ sórí pákó fún yín, a ó gbé e kọ́ sínú yàrá.”

“Ta ló ń sunkún?” ni wọ́n wí, òótọ́ sì ni, ojú wọn gbẹ. “Ọmọ mi, bí ẹlòmíràn bá wé gèlè ìyá rẹ, ṣé wàá kí i káàárọ̀? Fi í sílẹ̀.”

Wọ́n gba àbẹ́là lọ́wọ́ mi, wọ́n yí sí ọ̀nà sàréè tiwa. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n tan àbẹ́là sórí òkúta dúdú náà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì wo lẹ́tà tín-ín-rín aláwọ̀ wúrà náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

“Kà á fún mi.”

Mo ka orúkọ bàbá mi fún ìyá mi. Wọ́n ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Wọ́n bi mí pé èwo nínú wọn ló ṣíwájú. Mo di ìka wọn mú, mo gbé e lé lẹ́tà àkọ́kọ́. Ìka náà lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń wá ohun tí yóò dì mú, kò sì rí nǹkan kan.

“Bàbá yín mà ti rù o,” ni ìyá mi wí, wọ́n sì bú sẹ́kún.